Bí A Ṣe Ń Dènà Háídrójìn Kí Ó Má Baà Sọ Irin Alágbára Inú Ọkọ̀ Di Ẹlẹgẹ́

Bí ẹ bá fún bóòtù le dáadáa ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ sì bá orí rẹ̀ nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, háídrójìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kì í ṣe pé irin náà kò lágbára. Agbára rẹ̀ gan-an ló kó bá a. Irin tó rọ̀ lè gba háídrójìn díẹ̀ mọ́ra kó má sì ṣẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n irin tí agbára rẹ̀ ti kọjá nǹkan bí 1000 MPa (megapascal, ìwọ̀n agbára tí irin lè gbà kó tó já) a máa ṣẹ́ bí igi gbígbẹ, kò ní nà, kò ní tẹ̀, ẹrù tí yóò sì ṣẹ́ ẹ lè kéré púpọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1875 ni W. H. Johnson kọ ọ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé irin tí a bá rì bọ ásíìdì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kì í lè tẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé bí a bá sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó lè padà bọ̀ sípò. Ohun méjì tó rí yìí ni iṣẹ́ wa dúró lé lórí títí dòní: háídrójìn ń wọlé nígbà tí a bá ń fọ irin tàbí tí a bá ń bò ó ní síǹkì, ó sì lè jáde bí a bá tètè ṣí ọ̀nà fún un kí ìfà, ìyẹn agbára tó ń fa irin nígbà tí a bá fún un le, tó bẹ̀rẹ̀.

Bóòtù ọkọ̀ ni a ó fi ṣàlàyé jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ a ó kan páànù alágbára tí wọ́n fi ń ṣe òpó àárín ọkọ̀, a ó sì dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì àti ẹni tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin

Nígbà tí ásíìdì bá ń jẹ irin, tàbí tí iná mànàmáná bá ń gbé síǹkì lé e lórí nínú omi, átọ́ọ̀mù háídrójìn ń hù lójú irin náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń so pọ̀ ní méjì-méjì, wọ́n á di afẹ́fẹ́, wọ́n á hó jáde. Díẹ̀ nínú wọn ń wọnú irin lọ kí wọ́n tó rí èkejì tí wọn yóò so mọ́. Háídrójìn wà lára àwọn átọ́ọ̀mù tó kéré jù, nítorí náà ó ń rìn láàárín átọ́ọ̀mù irin bó ṣe fẹ́. Ibi tí ìfà bá ti pọ̀ jù ló máa ń wọ́ lọ: abẹ́ orí bóòtù, tàbí eyín àkọ́kọ́ tó wọnú nọ́ọ̀tì. Ó ń kó jọ sójú ààlà tó wà láàárín hóró irin kan àti òmíràn, ó sì ń tú ìdìmọ́ra wọn. Ìrìn yẹn gba àkókò. Ìdí nìyẹn tí bóòtù kì í fi í ṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, tó jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ mélòó kan ni.

Iye tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ kéré débi tó ń yani lẹ́nu. Nínú irin 1500 MPa, gíráàmù kan háídrójìn nínú tọ́ọ̀nù irin kan ti pọ̀ jù.

Ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pàdé kí bóòtù tó ṣẹ́ báyìí: irin tó le jù, ìfà tí kò dẹwọ́, àti háídrójìn. Bí ẹ bá mú ọ̀kan kúrò pátápátá, èyí tó kù kò lè dá a ṣe. Bóòtù kò lè wúlò láìsí ìfà, nítorí náà líle irin àti háídrójìn nìkan ló kù tí ọwọ́ wa ká.

1. Ẹ má ṣe mú irin tó le ju ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè lọ

Nọ́ńbà tó wà lórí bóòtù ló ń sọ bó ṣe le tó. HV ni ìwọ̀n líle irin tí wọ́n ń pè ní Vickers. 8.8 wà láàárín 250 sí 320 HV, 10.9 wà láàárín 320 sí 380 HV, 12.9 sì wà láàárín 385 sí 435 HV. Níbi nǹkan bí 390 HV ni ewu háídrójìn láti inú omi síǹkì, ìyẹn omi tí a fi ń bo bóòtù ní síǹkì, ti ń di ewu gidi. Bóòtù 8.8 kò ní ìṣòro yìí. Bóòtù 10.9 tí a ṣe dáadáa, tí líle rẹ̀ kò sì kọjá 380, kì í sábàá ní in. Bóòtù 12.9 ni ká bẹ̀rù.

Ẹni tó ń ya àwòrán ọkọ̀ ló lè pa ìṣòro yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bóòtù M10 (tó fẹ̀ ní milimítà 10) oníwọ̀n 12.9 kì í já títí ìfà yóò fi tó 70.8 kN (kilonewton, ìwọ̀n ìfà). Bóòtù M12 oníwọ̀n 10.9 ń gbé 87.7 kN. Bí àyè bá wà fún milimítà méjì sí i, kò sí ìdí láti fi 12.9 síbẹ̀, pàápàá bí a bá fẹ́ bò ó ní síǹkì. Èyí ni ìmọ̀ràn tó dín owó kù jù nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́, nítorí wọ́n gbà pé irin tó le jù ló dára jù.

Ẹ wọn líle irin fúnra yín nígbà tí ẹrù bá dé. Ẹ gé bóòtù mẹ́ta sí márùn-ún láti inú ìdì kọ̀ọ̀kan, ẹ dán ojú ibi tí ẹ gé, kí ẹ sì wọn àárín rẹ̀ àti etí rẹ̀. Bí etí bá le ju àárín lọ ní 30 HV tàbí jù bẹ́ẹ̀, kábọ́ọ̀nù ti wọ awọ rẹ̀ nínú ààrò. Ẹ má gba irú ìdì bẹ́ẹ̀ wọlé.

2. Irin fúnra rẹ̀ àti iná tí ó rí

Fọ́sífọ́ọ̀sì àti súfúrù ni ọ̀tá inú ilé. Wọ́n ń kó jọ sí ààlà hóró irin, ibi kan náà tí háídrójìn ń lọ, ibẹ̀ á sì di aláìlera ṣáájú kí háídrójìn tó dé. Ẹ béèrè irin tí àwọn méjèèjì kéré nínú rẹ̀ tó bí owó yín bá ṣe lè gbé e.

Èkejì, ẹ wá irin tí fànédíọ́ọ̀mù, niobium tàbí títáníọ́ọ̀mù díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń bá kábọ́ọ̀nù di hóró tín-tìn-tín tó fọ́n ká inú irin, hóró wọ̀nyí sì jẹ́ tàkúté: háídrójìn tó bá kó sí wọn lọ́wọ́ kì í lè rìn dé ibi ìfà mọ́. Wọn kì í sì í jẹ́ kí hóró irin fúnra rẹ̀ tóbi jù nínú iná. Ṣùgbọ́n tàkúté tó bá kún kì í mú ẹran mìíràn, nítorí náà irin dáadáa kò ní ká máa fi ásíìdì ṣeré.

Lẹ́yìn tí a bá ti mú bóòtù gbóná tí a rì í sínú òróró kí ó lè le, a gbọ́dọ̀ fi iná rọ̀ ọ́ padà. Ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ relẹ̀ jù ú lọ fún 10.9 ni 425 °C. Fún 12.9, a máa ń gba àwọn irin kan láàyè dé 380 °C, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ó ju 425 °C lọ. Irin tó ní mọ́líbídínọ́ọ̀mù àti fànédíọ́ọ̀mù lè rí iná tó ga jù bẹ́ẹ̀ kí líle rẹ̀ má sì bọ́ sílẹ̀, àǹfààní ńlá sì ni, nítorí pé bóòtù méjì lè ní líle kan náà kó jẹ́ pé èyí tó rí iná tó ga ló máa fara da háídrójìn jù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kékeré kì í ṣọ́ra fún. Wáyà tí wọ́n fi ń ṣe bóòtù máa ń ní fọ́sífétì lára kí ó lè yọ̀ nínú ẹ̀rọ tó ń tẹ orí bóòtù. Bí fọ́sífétì yẹn bá wọnú ààrò pẹ̀lú bóòtù, fọ́sífọ́ọ̀sì inú rẹ̀ á wọ awọ irin, á sì fi awọ funfun kan tó gan síbẹ̀. Lórí bóòtù 12.9, kò gbọ́dọ̀ sí irú awọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ fi omi kọ́sítíìkì sódà gbígbóná fọ fọ́sífétì kúrò kí bóòtù tó rí iná, kí ẹ sì wo ojú irin tí ẹ gé lábẹ́ maikirosikópù láti rí i dájú pé ó ti lọ.

3. Fífọ irin: ibi tí háídrójìn ti ń wọlé jù

Ọ̀pọ̀ ń dá omi síǹkì lẹ́bi nígbà tó jẹ́ pé inú agbada ásíìdì ni háídrójìn ti wọlé. Bí ẹ bá lè ṣe é láìfi ásíìdì kàn án rárá, ẹ má fi kàn án. Fún bóòtù 12.9, sípíríńgì, àti ohunkóhun tó kọjá 390 HV, ẹ ṣe é báyìí:

Ẹ kọ́kọ́ fi omi sódà gbígbóná, láàárín 60 sí 80 °C, fọ òróró kúrò lára rẹ̀. Òróró tó bá ṣẹ́kù máa jẹ́ kí ásíìdì jẹ ibì kan ju ibì kejì lọ, ìyẹn ló sì máa ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi ẹrù sílẹ̀ pẹ́ jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọta irin wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn aluminium oxide gbọ́n ìpáàrà àti èépá dúdú iná kúrò. Èyí kò fa háídrójìn kankan, ọta irin tó sì ń lu awọ bóòtù máa ń tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀, èyí tó dín ìfà ojú rẹ̀ kù.

Bí ẹ bá fẹ́ fi iná mànàmáná fọ̀ ọ́ nínú omi sódà, ẹ so ẹrù mọ́ ẹnu rere (+) rẹ́tifáyà, ẹ̀rọ tó ń fún agbada ní iná, kì í ṣe ẹnu òdì (−). Ní ẹnu rere, ọ́síjìn ló ń hó lára irin. Ní ẹnu òdì, háídrójìn ni, bí ẹni pé ẹ fọwọ́ ara yín dà á sínú irin. Wáyà méjì tí a sọ sódì yìí ti ba ẹrù púpọ̀ jẹ́.

Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju ásíìdì lọ, ẹ lo hydrochloric acid tí ẹ ti bu omi lù ní ìdajì-ìdajì, ní òtútù inú ilé, kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ fi èròjà tí kì í jẹ́ kí ásíìdì jẹ irin sí i. Hexamine ló wọ́pọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn èròjà tó ní súfúrù nínú, bíi thiourea: òótọ́ ni pé wọn kì í jẹ́ kí irin jẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí átọ́ọ̀mù háídrójìn so pọ̀ di afẹ́fẹ́, nítorí náà púpọ̀ sí i lára rẹ̀ á wọnú irin lọ. Arsenic náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Irin á dán, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ ti dára.

Nígbà tí ẹ bá ń po ásíìdì, ẹ da ásíìdì sínú omi, ẹ má da omi sínú ásíìdì. Iléeṣẹ́ tó bá ṣì ń lo omi síǹkì onísáyánáìdì gbọ́dọ̀ fi ògiri ya agbada ásíìdì sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀, nítorí bí àwọn méjèèjì bá pàdé, afẹ́fẹ́ tó ń pani lójú ẹsẹ̀ ló ń jáde.

Bóòtù tí a ti lọ̀ tàbí tí a ti tọ́ lẹ́yìn tó ti le tán tún ní ìfà tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sínú ààrò ní 200 sí 230 °C kí ó tó kan omi kankan, níwọ̀n ìgbà tí ìwọ̀n yẹn bá ti kéré sí iná tí wọ́n fi rọ̀ ọ́.

4. Irú ìbòrí wo?

Fún 12.9, ìbòrí síǹkì pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ (zinc flake) ni ẹ̀yà tí a fara mọ́ jù. Ọ̀dà ni, tí síǹkì àti aluminium pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. A ń ri bóòtù sínú rẹ̀, a ń yí i kí èyí tó pọ̀ jù fò dànù, a sì ń yan án nínú ààrò. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sì sí ásíìdì bí a bá fi ọta irin fọ ẹrù náà, nítorí náà kò sí háídrójìn tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ mú wá. Ẹ kàn ṣọ́ ìwọ̀n yíyan rẹ̀: àwọn kan ń béèrè nǹkan bí 300 °C, èyí tí bóòtù tó rí 425 °C lè gbà, àmọ́ tí ìṣó oníyíyí tó jẹ́ pé awọ rẹ̀ nìkan ni a mú le, tí iná tí a fi rọ̀ ọ́ kò tó bẹ́ẹ̀, kò lè gbà.

Bí ó bá di dandan kí ó jẹ́ síǹkì oníná mànàmáná, ẹ mọ ohun tí ẹ ń yàn. Omi síǹkì onísódà ń ná apá kan tó pọ̀ lára iná rẹ̀ sórí háídrójìn. Omi onásíìdì kílóráìdì ń ná èyí tó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sórí síǹkì, nítorí náà háídrójìn inú rẹ̀ kéré. Ẹ fi iná tó ga díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí síǹkì lè tètè bo gbogbo ojú, nítorí ojú irin tó ṣí sílẹ̀ ni háídrójìn ń gbà wọlé jù. Ẹ má bò ó nípọn ju bí a ṣe béèrè lọ. Síǹkì máíkírónì 8 (máíkírónì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún milimítà) ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọkọ̀. Síǹkì ń ṣe bí ìdérí: bó bá ti nípọn jù, háídrójìn tó wà nínú kò ní rọrùn láti jáde nígbà tí a bá ń yan án.

5. Yíyan nínú ààrò

Yíyan ni ó ń lé háídrójìn jáde, ó sì ń ti ìyókù lọ sínú tàkúté tí kò ti lè ṣèpalára. Ó ní àkókò tirẹ̀. Ẹ gbé ẹrù sínú ààrò kó tó pé wákàtí 4 tí ó jáde kúrò nínú omi síǹkì. Bó bá jẹ́ láàárín wákàtí kan, ó sàn jù. Bóòtù tó bá ti sán wẹ́wẹ́ nínú nígbà tí wọ́n ń dúró de ààrò kò ní san mọ́. Ooru ń lé háídrójìn, kì í lẹ ojú ibi tó ti là.

Ìwọ̀n ooru jẹ́ 190 sí 220 °C. Bí irin bá ṣe lágbára tó ni wákàtí ṣe ń pọ̀ sí, ó kéré tán báyìí:

- 1000 sí 1100 MPa: wákàtí 8
- 1100 sí 1200 MPa: wákàtí 10
- 1200 sí 1300 MPa: wákàtí 12
- 1300 sí 1400 MPa: wákàtí 14
- 1400 sí 1500 MPa: wákàtí 16
- 1500 sí 1600 MPa: wákàtí 18
- 1600 sí 1700 MPa: wákàtí 20
- 1700 sí 1800 MPa: wákàtí 22

Ẹ fi agbára tó ga jù tí ẹrù náà lè ní ṣe ìṣirò, kì í ṣe èyí tó kéré jù tí a kọ sórí rẹ̀. Bóòtù 12.9 bẹ̀rẹ̀ láti 1220 MPa, ṣùgbọ́n èyí tó bá dé 435 HV ti ń sún mọ́ 1400 MPa. Nítorí náà wákàtí 14 ni kí ẹ kà fún un. Ìwé àtijọ́ púpọ̀ sọ wákàtí 4. Fún irin tó le tó báyìí, kò tó, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye owó gáàsì tàbí iná yí yín lọ́kàn padà.

Àkókò kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ti ilẹ̀kùn ààrò. Ẹ ki wáyà tó ń wọn ooru sí àárín ẹrù gan-an, níbi tí bóòtù ti pọ̀ jù lórí ara wọn; ìgbà tí ibẹ̀ bá dé 190 °C ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí. Agbọ̀n tó kún dẹ́nu máa ń gba àkókò gígùn kí àárín rẹ̀ tó gbóná. Ẹ tẹ́ ẹrù náà pẹlẹbẹ. Ẹ tọ́jú ìwé tó fi ooru àti wákàtí hàn pẹ̀lú nọ́ńbà ìdì náà, nítorí bí bóòtù bá ṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ìwé yẹn nìkan ló máa sọ ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìparí iṣẹ́ síǹkì, ìyẹn awọ aláwọ̀ tó ń dá ìpáàrà dúró, gbọ́dọ̀ wá lẹ́yìn yíyan. Irú èyí tí a fi chromium ṣe ní àtijọ́ ń bàjẹ́ bí ooru bá kọjá nǹkan bí 70 °C. Síǹkì tó ti inú ààrò jáde máa ń ṣú díẹ̀, nítorí náà ẹ rì í sínú nitric acid tó kéré gan-an, ìdajì sí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí ẹ tó fi awọ náà sí i.

6. Àyẹ̀wò kí ẹrù tó jáde

Bí ẹ bá fa bóòtù já lórí ẹ̀rọ ní kíákíá, kò ní sọ nǹkan kan fún yín. Háídrójìn kò ní àyè láti rìn láàárín ìṣẹ́jú kan, bóòtù tó ti bàjẹ́ á sì yege. Ìfà tó dúró pẹ́ ni àyẹ̀wò tó tọ́.

Ẹ wá pátákó irin líle tó nípọn, tí ojú rẹ̀ méjèèjì tẹ́jú, kí ẹ lu ihò sí i. Ẹ kó bóòtù láti ibi púpọ̀ nínú ìdì, láti òkè agbọ̀n, àárín àti ìsàlẹ̀. Ẹ fún wọn títí dé ibi tí bóòtù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í nà, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 48. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí kó tó pé wákàtí 24 tí iṣẹ́ parí, nítorí háídrójìn tó ń jáde fúnra rẹ̀ lè jẹ́ kí àyẹ̀wò tó pẹ́ parọ́. Nígbà tí wákàtí bá pé, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀ sí i kí ẹ tó tú u: èyí tó ti sán ṣùgbọ́n tí kò tíì já á já nígbà náà. Bí ẹyọ kan péré bá ṣẹ́, gbogbo ìdì ló ṣubú.

Fún omi síǹkì fúnra rẹ̀, ẹ máa ṣe àyẹ̀wò lọ́tọ̀ lóòrèkóòrè. Ọ̀pá irin 4340 (irú irin alágbára kan) tí a gé ihò yíká ọrùn rẹ̀, tí a sì mú le dé nǹkan bí 1800 MPa, ni wọ́n ń lò. A ń bò ó, a ń yan án, a sì ń fà á ní 75 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún wákàtí 200. Ọ̀pá yìí le ju bóòtù yín lọ, nítorí náà bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín.

7. Páànù tí a tẹ̀ nínú iná

Òpó àárín ọkọ̀, ọ̀pá inú ilẹ̀kùn àti ìgbámú iwájú ọkọ̀ òde òní ni wọ́n sábà máa ń fi irin 22MnB5 ṣe. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.22 nínú ọgọ́rùn-ún, boron sì wà nínú rẹ̀ tín-ín-rín. A ń mú un gbóná dé 900 sí 950 °C fún ìṣẹ́jú mélòó kan, a ń tẹ̀ ẹ́, a sì ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ tútù kan náà pa iná rẹ̀ ní ìyára tó ju 27 °C lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ń di martensite, ìyẹn irin tó le gan-an tí títètè tutù ń fà, agbára rẹ̀ á sì dé 1500 MPa.

Níbí, ásíìdì kọ́ ni olè. Ọ̀rinrin inú ààrò ni. Páànù náà ní ìbòrí aluminium àti silicon, aluminium gbígbóná sì ń gba ọ́síjìn lára ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, ó ń fi háídrójìn sílẹ̀, èyí tó ń wọnú irin nígbà tó gbóná. Nígbà tí páànù bá tutù tán, ìbòrí kan náà á di ìdérí tí kì í jẹ́ kó jáde.

Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ sínú ààrò láìdáwọ́ dúró, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ wọn ọ̀rinrin rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n òtútù tí ọ̀rinrin yẹn fi ń di ìrì wà nísàlẹ̀ −5 °C. Fún irin tó lé ní 1800 MPa, kó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi páànù sílẹ̀ nínú iná kọjá ìṣẹ́jú tó nílò, pàápàá nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀ bá dá dúró: páànù tó pẹ́ nínú ààrò nítorí ìdádúró ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀. Ààrò tó ń jo gáàsì, tí páìpù rẹ̀ sì ti lu, ń tú ọ̀rinrin iná sínú, nítorí náà ẹ yẹ páìpù wò. Ní ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún omi, bíi Èkó ní ìgbà òjò, ẹ̀rọ tó ń gbẹ afẹ́fẹ́ kì í ṣe àṣàyàn.

Fún gígé etí páànù lẹ́yìn tó ti le, lesa sàn ju abẹ lọ. Abẹ ń fi ìfà ńlá àti ìsán wẹ́wẹ́ sí etí, ibẹ̀ ni páànù sì ti ń là lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wọ ààrò ọ̀dà, ní nǹkan bí 170 °C fún 20 ìṣẹ́jú, apá kan háídrójìn náà ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí páànù tí a ti jó pọ̀, tí ìfà sì ti wà nínú rẹ̀, dúró pẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

8. Lọ́wọ́ mẹkáníìkì àti ẹni tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe

Háídrójìn kì í ṣe ti iléeṣẹ́ nìkan. Omi àti iyọ̀ tó ń jẹ síǹkì lára bóòtù ń ṣe háídrójìn tuntun nínú ọkọ̀ tó ń lọ lójú títì, yíyan tí a ṣe ní iléeṣẹ́ kò sì lè dá ìyẹn dúró. Ní oṣù kẹta 2013, lórí afárá San Francisco àti Oakland ní Amẹ́ríkà, 32 nínú 96 ọ̀pá irin ńlá tí a bò ní síǹkì ṣẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n fún wọn le. Omi ti dúró nínú ihò wọn kí wọ́n tó fún wọn. Irin tó le, ìfà, omi: ohun mẹ́ta náà pàdé.

Nítorí náà, ẹ má fi omi bátìrì tàbí ásíìdì kankan fọ ìpáàrà lára bóòtù orí ẹ́ńjìnì, bóòtù ìdè táyà, tàbí sípíríńgì. Búrọ́ọ̀ṣì wáyà àti òróró ló yẹ wọ́n. Bí bóòtù 10.9 tàbí 12.9 bá ti jẹ ìpáàrà débi pé eyín rẹ̀ ti lọ, tuntun ni kí ẹ rà. Ẹ má fi bóòtù 12.9 rọ́pò 8.8 tí ẹ yọ, kódà bí ẹni tó ń tà á ní Ládípọ̀ bá ní òun ló le jù. Ẹ fi èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, kí ẹ sì fi sípánà tó ń wọn agbára fún un dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ kọ. Bóòtù dúdú 12.9 tí ẹnì kan fẹ́ gbé lọ bò ní síǹkì kí ó lè dán, ẹ gbà á nímọ̀ràn kó má ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tuntun ló ní òpó 1500 MPa nínú. Bí òpó náà bá ká, ẹ má fi iná tọ́ ọ. Ooru tó kọjá 400 °C ń sọ ọ́ di irin lásán, ẹni tó bá sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní ààbò mọ́ bí ọkọ̀ mìíràn bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ yọ ọ́ níbi tí ìwé iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ní kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tuntun síbẹ̀, kí ẹ nu ọ̀dà, òróró àti omi kúrò pátápátá kí ẹ tó jó o, nítorí gbogbo wọn ń fún irin ní háídrójìn nínú iná.

Bí ó bá ti ṣẹ́

Ẹ má fọ ojú ibi tó ti ṣẹ́, ẹ má sì fi ojú méjèèjì gbo ara wọn. Ẹ dì í sínú ọ̀rá gbígbẹ. Bóòtù tí a fún jù máa nà, ọrùn rẹ̀ á tín-ín-rín kó tó já. Èyí tó jẹ́ pé lílọ-bíbọ̀ ẹrù ló rẹ̀ ẹ́ máa ní ìlà róbótó bí ìgbà tí omi ń fà sẹ́yìn létíkun. Èyí tí háídrójìn ṣẹ́ kò ní nà rárá. Ojú rẹ̀ máa ń dán wínníwínní, hóró-hóró, lábẹ́ orí tàbí ní eyín àkọ́kọ́. Lábẹ́ maikirosikópù oníẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, a ó rí hóró irin kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe yà kúrò lára ẹnìkejì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ wọn líle rẹ̀, ẹ wo ìwé ààrò, kí ẹ sì béèrè ìgbà tó ṣẹ́. Bó bá ṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì tí a fún un, iṣẹ́ iléeṣẹ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò: ásíìdì, omi síǹkì, wákàtí yíyan. Bó bá ṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ìpáàrà sì wà lára rẹ̀, omi ojú ọ̀nà ni, ojútùú rẹ̀ sì ni irin tí kò le tó bẹ́ẹ̀ tàbí ìbòrí mìíràn. Ní ọ̀nà méjèèjì, ẹ yọ gbogbo bóòtù ìdì kan náà kúrò lára ọkọ̀, pẹ̀lú àwọn tó ṣì dúró. Ẹ má dá wọn padà sínú ààrò láti tún wọn yan. Ẹ gé wọn sí méjì kí ẹnikẹ́ni má baà tún kó wọn tà.